Òkúta Ò Mọ Ẹni Ńlá: Bí Títì Olókùúta Ṣe Ń Da Eré Rú Mọ́ Àwọn Ọ̀gá Agunkẹ̀kẹ́ Lọ́wọ́

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí, kó dúró sí Ọjà'ba, kó gbójú sókè wo Mapo. Gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929 ló jókòó sórí òkè yẹn bí ọba. Kó wá fojú inú wò ó pé wọ́n ti hó ọ̀dà ojú títì náà kúrò pátápátá. Òkúta gbígbẹ́ ni wọ́n wá tò síbẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè, èyí tó tóbi tó odindi búrẹ́dì, tí ọ̀kan yọrí, tí ìkejì rì, tí koríko sì hù sáàárín wọn. Kí òjò wá rọ̀ sí i. Kí wọ́n wá ní kí ọgọ́jọ ọkùnrin gun kẹ̀kẹ́ ológeere gba orí ẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú eré àsápajúdé, lórí táyà tí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ.

Ta ló máa kọ́kọ́ dókè? Ta ló máa ṣubú? Àwọn wo ló máa pàdánù iṣẹ́ ọdún kan láàárín ìṣẹ́jú kan?

Ará Bẹẹrẹ tàbí Bẹyẹrunka lè rò pé àlá ni. Kì í ṣe àlá o! Àwọn òyìnbó ń fi irú eré yìí jẹun lọ́dọọdún, ó sì ti dé ilẹ̀ adúláwọ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ẹ̀ kan ilé wa ní Nàìjíríà, bí ẹ ó ṣe rí i níwájú.

KÍ NI WỌ́N Ń DÙ GAN-AN?

Baba gbogbo ìdíje kẹ̀kẹ́ lágbàáyé ni Tour de France, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1903. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń sá a. Ìpele 21 ló ní, ìpele kan fún ọjọ́ kan. Kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ débi òpin lọ́jọ́ kan ló ń kó gbogbo ẹ̀ lọ. Wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá tí oníkálùkù lò láti ọjọ́ kìn-ín-ní dé ọjọ́ ìkẹyìn ni wọ́n máa rò pọ̀. Ẹni tí tiẹ̀ bá kéré jù ló gbé ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè lọ sílé.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gba Tour ò gbọdọ̀ ní ọjọ́ burúkú kan ṣoṣo. Ó lè ṣe dáadáa fún ogún ọjọ́, kí ọ̀kan yòókù ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Bí ìyá aláta tó fi ogún ọjọ́ pawó jọ, tí jáwójáwó wá já àpò ẹ̀ gbà ní Ọjà'ba lọ́jọ́ kọkànlélógún.

Orí òkè gíga ni wọ́n sì ti máa ń gba Tour. Abájọ tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dù ú fi rí tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Ẹlòmíì nínú wọn ò ju nǹkan bí 60 kìlógíráàmù lọ. Ara tó fúyẹ́ dára fún òkè. Ṣùgbọ́n lórí òkúta ńkọ́? Ṣe ló máa ń ta sókè bíi gúgúrú inú agbada. Àwọn abarapá tí òkè ń fi sẹ́yìn ló máa ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ.

Ọ̀RUN ÀPÁÀDÌ TI ÀRÍWÁ

Àwọn òkúta yìí ti pẹ́ láyé. Apá àríwá ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n pọ̀ sí. Ayé ìgbà tí ẹṣin ń fa ẹrù ni wọ́n ti tò wọ́n, kí ẹrù má baà máa rì sínú ẹrẹ̀. Nígbà tí ọ̀dà dé, wọ́n bo púpọ̀ nínú wọn mọ́lẹ̀. Díẹ̀ ló ṣẹ́ kù sójú ọ̀nà oko.

Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje Paris–Roubaix, tó ń gba orí òkúta náà kọjá. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń sá a. Gbogbo ọ̀nà ẹ̀ tó nǹkan bí 260 kìlómítà lóde òní, nǹkan bí 55 kìlómítà nínú ẹ̀ ló sì jẹ́ òkúta. Lọ́dún 1919, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn tó lọ wo ọ̀nà náà bá ilẹ̀ tí ọta ìbọn ti tú palẹ̀, igi tó jóná, ilé tó wó. Wọ́n pè é ní Ọ̀run Àpáàdì ti Àríwá. Orúkọ yẹn ò kúrò lára ẹ̀ mọ́. Ṣé ẹ mọ ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ẹni tó bá gbégbá orókè níbẹ̀? Òkúta ni! Odindi òkúta kan ló máa gbé relé.

Ibi tó burú jù níbẹ̀ ni ọ̀nà tó la igbó Arenberg já. Jean Stablinski, agunkẹ̀kẹ́ tó ti fìgbà kan wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, ló júwe ẹ̀ fún àwọn alákòóso, wọ́n sì fi kún eré náà lọ́dún 1968. Níbẹ̀ ni Johan Museeuw, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, ti ṣubú lọ́dún 1998. Orúnkún ẹ̀ fọ́ yángá-yángá. Egbò náà jẹrà débi tó fi ku díẹ̀ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Lọ́dún 2000, ọkùnrin yìí padà wá, ó sì gba òkúta náà! Bó ṣe ń wọlé sí òpin, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó ń nàka sí orúnkún ẹ̀ kí gbogbo ayé rí i. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ sí Paris–Roubaix ló fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń dù Tour kì í fẹ́ débẹ̀. Àfi bí àwọn alákòóso Tour bá lọ mú díẹ̀ nínú àwọn òkúta náà, tí wọ́n fi sínú eré tiwọn. Ọjọ́ yẹn ni ojú máa ń já.

Ẹ̀RÙ ÒKÚTA JU ÒKÚTA LỌ

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Kì í ṣe orí òkúta gan-an ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá ti ń ṣubú. Kí wọ́n tó débẹ̀ ni!

Ìdí ẹ̀ rèé. Ọ̀nà òkúta tóóró. Bí ẹnì kan bá ṣubú níwájú, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn ti há nìyẹn. Nítorí náà, gbogbo wọn ló fẹ́ kọ́kọ́ débẹ̀. Ẹ wo bí àwọn onímáíkírà ṣe máa ń já ara wọn gbà ní oríta Bẹẹrẹ, tí ọkọ̀ mẹ́rin fẹ́ gba ibi tí kò gbà ju méjì lọ. Ẹ wá sọ wọ́n di ọgọ́jọ, ẹ mú bíréèkì wọn kúrò, ẹ ní kí wọ́n máa sáre. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn ní kìlómítà márùn-ún sí òkúta.

Ní July 9, 2014, ìpele karùn-ún Tour gbéra láti Ypres ní Bẹ́ljíọ̀mù, ó forí lé Arenberg. Òjò ń rọ̀ kíkankíkan, débi pé àwọn alákòóso yọ ọ̀nà òkúta méjì kúrò nínú mẹ́sàn-án. Chris Froome, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba Tour lọ́dún 2013, ló yẹ kó wá dáàbò bo adé ẹ̀. Ó ti ṣubú lọ́jọ́ tó ṣáájú, ọwọ́ sì ń dùn ún. Lọ́jọ́ náà, ó tún ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Ó wọ ọkọ̀, ó di ilé. Kò tíì fi táyà kan òkúta ẹyọ kan! Vincenzo Nibali, ọmọ Ítálì, ní tiẹ̀, gba orí òkúta náà kọjá bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ó fi ohun tó lé ní ìṣẹ́jú méjì ju Alberto Contador lọ lọ́jọ́ yẹn nìkan. Òun náà ló gba Tour ọdún náà.

Lọ́dún 2018, ó tún ṣẹlẹ̀. July 15, láti Arras sí Roubaix, ọ̀nà òkúta 15. Richie Porte, ọmọ Ọsirélíà tí ọ̀pọ̀ ń fojú sí lára, ṣubú ní bíi kìlómítà mẹ́wàá péré lẹ́yìn tí wọ́n gbéra. Egungun èjìká ẹ̀ dá. Ó parí fún un nìyẹn. Òkúta àkọ́kọ́ ṣì jìnnà réré.

Ẹ ò rí i? Ẹ̀rù òkúta ló ń ti wọn kó tó di pé òkúta fúnra ẹ̀ dá sí i.

ÀGBÁJỌ ỌWỌ́ LA FI Ń SỌ̀YÀ

Nígbà tí wọ́n bá wá gorí òkúta tán, ọ̀rọ̀ di ti irin àti ti èèyàn. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko rí mọ̀ pé bí afẹ́fẹ́ inú táyà bá le jù, gbogbo kòtò ni yóò máa já dé inú eyín. Àwọn agunkẹ̀kẹ́ náà ti kọ́ ọ. Láyé ìjọ́un, táyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń lò. Lóde òní, táyà tó fẹ̀ tó 30 mìlímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń gbé wá sórí òkúta, wọ́n á sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ rọ̀. Síbẹ̀ náà, táyà ń jò, ṣéènì ń já bọ́, rìmù ń fọ́.

Ìgbà yẹn lèèyàn ń mọ ẹni tó láwọn ẹmẹ̀wà gidi. Ẹ jẹ́ ká wo July 6, 2022, láti Lille sí Arenberg, ọ̀nà òkúta 11. Jonas Vingegaard, ọmọ Denmark, wà nínú àwọn tó ń dù ú. Lójijì, kẹ̀kẹ́ ẹ̀ kọṣẹ́. Wàhálà dé! Wọ́n sáré bọ́ kẹ̀kẹ́ ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kan fún un, àmọ́ ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ tó ga fíofío lẹni tó ni kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ Vingegaard ò tó o. Wọ́n tún gba ìyẹn, wọ́n ń wá òmíràn. Àwọn tó wà níwájú sì ń lọ, wọn ò wẹ̀yìn.

Primož Roglič, ọmọ Slovenia tí wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ́ kan náà, tó ti gba ìdíje ńlá ilẹ̀ Sípéènì lẹ́ẹ̀mẹta nígbà náà, tiẹ̀ tún wá burú jù. Ìdì koríko gbígbẹ kan tó yí wọ ojú ọ̀nà ló gbé e ṣubú. Èjìká ẹ̀ yẹ̀. Ó jókòó sórí àga ará ìlú kan tó wá wòran, ó fọwọ́ ara ẹ̀ ti egungun náà padà sí àyè ẹ̀, ó gun kẹ̀kẹ́, ó ń lọ. Ohun tó lé ní ìṣẹ́jú méjì ló pàdánù, kò sì lè parí Tour náà.

Kí ló wá yọ Vingegaard? Wout van Aert ni. Òun ló wọ ẹ̀wù ìyeyè lọ́jọ́ náà, òun náà sì ti ṣubú ṣáájú. Ṣùgbọ́n ó forí ṣe, ó forí ṣe é, ó fa ẹgbọ́n... ẹ má bínú, ó fa ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ títí tó fi jẹ́ pé ìṣẹ́jú àáyá 13 péré ni Tadej Pogačar fi jù ú lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì àti ààbọ̀, Vingegaard gba Tour. Ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 43 ló fi ju Pogačar lọ. Kò gbà á lórí òkúta o, orí òkè ló ti gbà á. Àmọ́ ká ní ó ti pàdánù ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí òkúta ńkọ́? Òkúta kì í fúnni ní Tour. Gbígbà ló ń gbà á lọ́wọ́ ẹni.

Pogačar fúnra ẹ̀ ò kí ń sá fún un. Ní April 2025, ó lọ sí Paris–Roubaix fún ìgbà àkọ́kọ́. Láti ìgbà Greg LeMond lọ́dún 1991, kò tíì sí ẹni tó di adé Tour mú tó tún débẹ̀. Pogačar ṣe bí ọkùnrin, àmọ́ ó sáré wọ kọ́nà kan láṣejù nígbà tó ku bíi 38 kìlómítà, ó sì bọ́ sílẹ̀. Mathieu van der Poel ò dúró kí i. Òun ló gba òkúta ọdún náà, ìkẹta ẹ̀ léraléra. Pogačar ṣe ipò kejì.

Àwọn alákòóso pàápàá mọ̀ pé òkúta lè ṣe ojúsàájú. Ní July 27, 2025, ọjọ́ ìkẹyìn Tour, wọ́n ní kí wọ́n gun òkè olókùúta Montmartre ní ìlú Paris lẹ́ẹ̀mẹta. Òjò dé. Kíá ni wọ́n kéde pé àkókò tí wọ́n ń kà fún ẹ̀wù ìyeyè ti dúró nígbà tó ku nǹkan bí 50 kìlómítà. Van Aert ló jáwé olúborí lọ́jọ́ yẹn, Pogačar sì gba Tour, láìsí ìjà.

ÒKÚTA TI DÉ ILẸ̀ ADÚLÁWỌ̀

Ẹni tó bá ń rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan nìyí, kó wo Kigali, olú ìlú Rùwáńdà. Títì olókùúta pọ̀ níbẹ̀, èèyàn ń rù ẹrù gba orí ẹ̀ lọ sọ́jà lójoojúmọ́. Láti September 21 sí 28, 2025, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìdíje kẹ̀kẹ́ ojú títì ti gbogbo àgbáyé. Ìdíje yìí ti wà láti 1921, kò sì wá sí Áfíríkà rí.

Lọ́jọ́ ìkẹyìn, àwọn ọkùnrin sáré 267.5 kìlómítà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n gun òkè olókùúta Kimihurura. Ó tún ku èyí tí wọ́n ń pè ní Ògiri Kigali, 400 mítà péré, àmọ́ ó dúró ṣánṣán. Ó lé ní 160 tó gbéra. Ẹ gbọ́ iye tó parí ẹ̀: 30 péré!

Remco Evenepoel, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tó gba góòlù Òlíḿpíìkì méjì ní 2024, ko kòtò kan lójú ọ̀nà. Ìjókòó kẹ̀kẹ́ ẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀, iṣan ẹsẹ̀ ń fà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ló pààrọ̀ kẹ̀kẹ́. Nígbà tí gbogbo ẹ̀ fi bọ́ sípò, Pogačar ti lọ. Ó ti fi agbo sílẹ̀ nígbà tó ṣì ku 104 kìlómítà. Evenepoel lé e títí, ó ṣe ipò kejì, ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 28 lẹ́yìn. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

ṢÉ ỌMỌ ÁFÍRÍKÀ LÈ BORÍ ÒKÚTA?

Ó ti borí ẹ̀. Biniam Girmay, ọmọ Asmara ní ilẹ̀ Eritrea, ọmọ ọdún 21 nígbà náà, ló gba ìdíje Gent–Wevelgem ní Bẹ́ljíọ̀mù ní March 27, 2022. Òkè olókùúta Kemmelberg wà lójú ọ̀nà náà. Adúláwọ̀ kankan ò tíì gba irú ìdíje bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́dún 2024, ó gba ìpele mẹ́ta ní Tour de France, ó sì gbé ẹ̀wù aláwọ̀ ewé lọ sílé. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré.

Ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ló gbé Girmay débẹ̀ o. Ẹgbẹ́ wà lẹ́yìn ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tó bá ara ẹ̀ mu wà, òmíràn sì wà lórí ọkọ̀ bí ìyẹn bá kọṣẹ́.

Ẹ wá wo ti ilé. Ní August 2024, Ese Ukpeseraye, ọmọbìnrin Nàìjíríà, lọ sí Òlíḿpíìkì ní Paris. Ó wà nínú eré ojú títì àwọn obìnrin, èyí tó gba òkè Montmartre. Nígbà tó yá, wọ́n ní kó tún kópa nínú eré inú pápá. Ìpè náà dé lójijì, kẹ̀kẹ́ inú pápá ò sì sí lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni kẹ̀kẹ́ ojú títì, ọ̀tọ̀ ni ti inú pápá. Àwọn ará Jámánì ló yá a ní tiwọn. Òun fúnra ẹ̀ ló dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní gbangba, kí gbogbo ayé gbọ́.

Ẹ rò ó wò. Bí ìjókòó tó rọ̀ sísàlẹ̀ bá lè gba adé lọ́wọ́ Evenepoel, tí kẹ̀kẹ́ tó ga jù bá fẹ́ẹ̀ ba Tour jẹ́ mọ́ Vingegaard lọ́wọ́, kí ni ká retí lọ́dọ̀ ọmọ tí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ àyálò fún? Ọmọ náà ò jẹ̀bi. Àwọn tó yẹ kí wọ́n wà lẹ́yìn ẹ̀ lọ̀rọ̀ kàn.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Àwọn ọ̀dọ́ tó lẹ́sẹ̀ ò wọ́n nílẹ̀ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni òkè ò wọ́n ní Ìbàdàn. Ohun tó wọ́n ni kẹ̀kẹ́ tó dára, olùkọ́ tó mọṣẹ́, àti ẹlẹgbẹ́ tí yóò dúró fani nígbà tí táyà bá jò. Kí àwọn tí ìjọba fi ìdárayá sí lọ́wọ́ pèsè ìyẹn kí ìpè tó dé, kó má jẹ́ ẹ̀yìn ìgbà tí ọmọ bá ti wọ ọkọ̀ òfuurufú tán. Òkúta ò ní béèrè orílẹ̀-èdè tí ẹnikẹ́ni ti wá. Ohun tí wọ́n bá gbé wá síbẹ̀ ló máa dán wò.